Òfin Òórùn Ata ní Pápá Àjọ̀dún Òkè-Ìgbín

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìgbín, ẹ gbé etí sílẹ̀, ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹni tó ń gúnyán, kó sinmi ọmọ odó. Ẹni tó ń fọ aṣọ, kó fún un, kó wá síta. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó sàmì síbi tó bá ìjà dé, kó padà síbẹ̀ tí Akéde bá ti kọjá.

Akéde kì í dá ọ̀rọ̀ sọ. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an ló ń jẹ́. Kábíyèsí Onígbín ti Òkè-Ìgbín ló rán an. Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún orin sì tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, wọ́n ní kó má fi kún un, kó má yọ kúrò níbẹ̀. Akéde ní òun gbọ́.

Òfin àná ti kú. Ẹ tún gbọ́. Òfin àná ti kú! Òfin tí Akéde ké ní ìdájí ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Kábíyèsí ti fi ẹnu ara wọn pa á ní òwúrọ̀ òní, ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ṣùgbọ́n àṣà ìlú yìí ni pé a kì í sin òfin láìpe orúkọ rẹ̀, láìsọ ohun tó pa á. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sin òfin àkùkọ ní ayé Onígbín tó wàjà. Ẹ̀yin àgbà rántí. Ẹ̀yin èwe, ẹ bi wọ́n. Wọ́n ní àkùkọ kankan ò gbọdọ̀ kọ kí Ọba tó jí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àkùkọ tó ṣẹ́ kù nílùú ò ju mẹ́ta lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti ya odi. Ọba sùn dé ọ̀sán. Àwọn àgbẹ̀ náà sùn dé ọ̀sán. Ọdún yẹn la wa iṣu tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Nígbà tí wọ́n máa sin òfin náà, Akéde ìgbà yẹn dúró sí oríta yìí gan-an, ó sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí iye iṣu. Nítorí náà, Akéde òní náà á sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kejì àjọ̀dún. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ní pápá ilé ìwé àtijọ́, níbi tí wọ́n to sípíkà lé ara wọn bí ẹni to ẹrù sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Kábíyèsí ti jókòó níwájú láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, pẹ̀lú adé, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀, pẹ̀lú ìrùkẹ̀rẹ̀. Olórin ń wọlé, olórin ń jáde. Ẹ̀yin ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ̀yin ń jẹ àgbàdo sísun. Kábíyèsí ò jẹ nǹkan kan. Ẹ mọ̀ pé Ọba kì í jẹun ní gbangba. Níbi tí ojú ìlú bá wà, ẹnu Ọba kì í mì, àfi tó bá ń súre. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá a lórí oyè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn pápá, lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ibẹ̀ ni mọ́tò oúnjẹ Mọrẹ́nikẹ́ dúró sí. Ẹni tí kò bá mọ Mọrẹ́nikẹ́, opó Ṣàngótóyè awakọ̀ ni. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Àwọn ará ilé ní kó tà á. Kò tà á. Ó gbé e lọ bá wẹ́dà, wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi fèrèsé tó ń ṣí sókè sí i. Ó yọ àwọn àga inú rẹ̀. Ó gbé sítóòfù onígáàsì sí i. Ó fi aṣọ pààlà ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó máa ń jókòó gé àlùbọ́sà kí ojú tó ń ṣomi má baà lé oníbàárà sá. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń kọrin ní ìta gbangba, ibẹ̀ ló ń wà á lọ. Ó ti gbé e dé ìlú méje. Kò sí ìlú tí wọ́n ti lé e rí.

Ìrẹsì ọ̀fàdà ló ń tà, pẹ̀lú ata tútù aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi epo pupa tó ti jó dín, irú nínú rẹ̀, ẹyin àti ṣàkì nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ òórùn ata yẹn, kó lọ tọ́jú imú rẹ̀.

Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, atẹ́gùn yí padà. Ó ti ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ fẹ́ wá síwájú. Olórin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí orin tirẹ̀. Wọ́n gbé máìkì dé ẹnu Kábíyèsí kí wọ́n súre fún un. Kábíyèsí ya ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ohun kan kùn.

Akéde ò sọ pé inú ẹnikẹ́ni ló kùn. Akéde ní ohun kan kùn. Ó kùn nínú sípíkà mẹ́rìndínlógún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó wá parí bí ẹni tó ń béèrè nǹkan. Àwọn onílù tó wà lórí ìtàgé rò pé orin tuntun ni, wọ́n lù ú lẹ́sẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ dìde, wọ́n jó o. Wọ́n ní kó tún un kọ. Ìyá arúgbó kan ní Òkè-Àpáta, tó jìnnà sí pápá tó ibùsọ̀ méjì, sáré lọ ká aṣọ tó sá.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Olóyè Àjàdí ni alága wọn. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń gbé gíláàsì méjì kọ́ ọrùn, tí kì í fi ìkankan wo nǹkan. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ iná mànàmáná, wọ́n sọ̀rọ̀ sípíkà. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó dárúkọ ebi. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ pé ebi ń pa Ọba?

Olóyè Àjàdí ló wá rí i. Ó ní, "Òórùn ata yẹn ni. Kó tó fẹ́ débẹ̀, ṣé nǹkan kan kùn?"

Wọ́n ní nǹkan kan ò kùn.

Ó ní, "Ó parí. Ẹ jẹ́ ká fòfin dè é."

Báyìí ni òfin àná wí. Akéde ń pe orúkọ rẹ̀ kí a lè sin ín.

Èkíní. Ohun tí ìlú gbọ́ ní Ọjọ́bọ̀, àrá ni. Ẹni tó bá pè é ní nǹkan mìíràn, ewúrẹ́ kan. Ẹni tó bá sín in jẹ, ewúrẹ́ méjì. Ẹni tó bá fi fóònù gbà á sílẹ̀, kó mú fóònù náà wá sáàfin, kí ewúrẹ́ tẹ̀ lé e.

Èkejì. Òórùn ata, òórùn àlùbọ́sà, òórùn irú, òórùn dòdò, ìkankan wọn ò gbọdọ̀ kọjá okùn pupa tí ìgbìmọ̀ ta sáàárín pápá. Olóúnjẹ ni kó kìlọ̀ fún òórùn rẹ̀. Bí òórùn bá kọjá, olóúnjẹ ló rán an.

Ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ dín nǹkan ní pápá gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú. Kó kọ ohun tó fẹ́ dín sínú ìwé náà. Kó kọ ibi tí atẹ́gùn máa fẹ́ sí lọ́jọ́ ọ̀hún.

Ẹ̀kẹrin. Epo ò gbọdọ̀ ta nínú agbada nígbà tí olórin bá ń kọrin. Tó bá di dandan kó ta, kó tẹ̀ lé ìlù.

Ẹ̀karùn-ún. A fi Lámídì, ọmọ agbo ilé Balógun, jẹ Agbóòórùn ìlú. Ẹ̀gbẹ́ okùn pupa ni yóò máa dúró sí. Ohun tí imú rẹ̀ bá sọ, abẹ gé e. Imú Lámídì ò ní ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ẹ̀kẹfà. Mọ́tò tó bá rú òfin yìí, wọn á yọ táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọn á tì í lọ sẹ́yìn ọjà. Yóò di ilé adìyẹ ìlú títí ayé.

Akéde ké e ní oríta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Akéde kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Ó délé kó tó rín tirẹ̀.

Ibi tí Mọrẹ́nikẹ́ ti ń ṣa òkúta inú ìrẹsì ló ti gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ti lọ ata tó máa lò dé ọjọ́ Àìkú. Epo ti jó tán. Irú ti wà ní fífọ̀. Ata lílọ̀ kì í dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ata kọ́ ló dùn ún. Ilé adìyẹ ni. Ó gbójú sókè, ó wo mọ́tò náà lójúde. Ó wo ibi tí ọwọ́ Ṣàngótóyè ti di ìtọ́kọ̀ mú fún ogún ọdún, tí ibẹ̀ fi ń dán bí ìdí ìgò. Ó wá rí adìyẹ lọ́kàn rẹ̀, àgbébọ̀ kan báyìí, tó bà lé ibẹ̀, tó ń ṣu.

Ó ní, "Rárá o. Kì í ṣe adìyẹ."

Ó pinnu pé òun á pa òfin náà mọ́. Kò sí ẹni tó máa sọ pé kò gbìyànjú. Nílé ló ti se gbogbo ẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ó dé ìkòkò, ó fi aṣọ tútù lé ìdérí, ó fi ọlọ lé aṣọ. Ó wa mọ́tò dé abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ó ti fèrèsé rẹ̀, ó jókòó sínú ooru bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Ẹni tó bá fẹ́ ra, ó ní kó ti ojú ihò kékeré na abọ́ wọlé, kó gbà á padà ní bíbò, kó gbé e lọ sílé kó tó ṣí i. Àwọn ènìyàn gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbé e mọ́ abẹ́ aṣọ bí ẹni jí nǹkan.

Lámídì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn pupa, fìlà oyè tuntun lórí rẹ̀, ó ń fa imú. Aago mọ́kànlá, kò gbọ́ nǹkan kan. Aago méjìlá, kò gbọ́ nǹkan kan. Ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó kúrò nídìí okùn, ó wá kan ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Lámídì. Ṣé òórùn mi kọjá ni?"

"Kò kọjá. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbẹ̀, imú mi ò rí nǹkan ṣe."

"Ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn?"

"Ó rí bẹ́ẹ̀, màámi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí mi ò gbọdọ̀ gbọ́, tí mi ò bá gbọ́ ọ? Ẹ ṣí i díẹ̀ kí n dá a mọ̀. Bí ìka kan báyìí."

Mọrẹ́nikẹ́ wò ó. Ó wo fìlà oyè. Ta ni obìnrin tó ń bẹ̀rù fún mọ́tò rẹ̀ tó máa bá ìjòyè jiyàn? Ó gbé ọlọ kúrò. Ó ká aṣọ. Ó ṣí ìdérí bí ìka kan.

Òórùn tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀ láti àárọ̀, ẹ ò mọ̀ bó ṣe máa ń jáde. Lámídì di ojú. Ó tún ní kí ó ṣí i bí ìka méjì. Ó ní nígbà tí òun ti débi tóun dé yìí, ahọ́n ni òun á fi jẹ́rìí imú. Mọrẹ́nikẹ́ bu díẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti rántí ọ̀nà Ọjọ́bọ̀. Òórùn kọjá okùn, ó kọjá àwọn ìlà àga, ó lọ dúró níwájú ìtẹ́.

Akéde ò sí nítòsí. Olorì ló wà nítòsí, Olorì sì ní àrá sán níwọ̀nba.

Kò pẹ́ tí Olóyè Àjàdí fi dé abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin àti sípánà.

"Mọrẹ́nikẹ́, òórùn rẹ ti kọjá okùn."

"Agbóòórùn yín ló ní kí n ṣí i, Olóyè."

"Lámídì, ṣé òótọ́ ni? Ṣé ìwọ lo ní kó ṣí i?"

Lámídì na ọwọ́ sókè. Ìrẹsì kún ẹnu rẹ̀.

Olóyè Àjàdí ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n yọ ọ́. Mọ́tò náà fẹ̀gbẹ́ kan kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ ò pariwo. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ rọra. Ẹ rọra, nítorí Ọlọ́run," bí ẹni pé alààyè ni wọ́n ń fà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ èkejì, àwọn tó tò lẹ́yìn mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n ní a kì í dájọ́ ènìyàn láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Olóyè Àjàdí wo ojú wọn, ó ní ó dáa, kó wá sọ tirẹ̀ láàfin láàárọ̀ ọ̀la. Ó ní àwọn táyà mẹ́ta tó kù á dúró dè é.

Mọrẹ́nikẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Bó ṣe ń lọ, ó ń rò ó. Ó rò ó ní ọ̀nà odò, kò yé e. Ó rò ó ní ẹ̀bá ilé agbẹ̀dẹ, kò yé e. Ìlú méje ni òórùn rẹ̀ ti dé, kò sí ọba tó bínú sí i. Kí ló dé tó jẹ́ níbí? Ó wá rántí ìyá tó bí i. Obìnrin náà sè fún ààfin rí ní ayé Onígbín tó wàjà. Ó máa ń sọ pé tí ẹ bá rí Ọba tó ń ṣẹjọ́ pẹ̀lú ìbínú, ẹ má wo ẹjọ́ náà, ẹ bi olùsè bóyá oúnjẹ ti jinná.

Mọrẹ́nikẹ́ dúró sójú ọ̀nà. Ó ka wákàtí lórí ìka. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ dé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ kan ò tó. Ó kà á dé ọwọ́ kejì.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Háà. Ọba ni ebi ń pa, èmi ni wọ́n ń yọ ní táyà."

Ó yé e wàyí, ṣùgbọ́n ìyọnu dé. Òtítọ́ tó lè gba mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀, òun náà ni òfin kìíní sọ pé kò gbọdọ̀ wí. Tó bá dákẹ́, adìyẹ. Tó bá sọ ọ́, ewúrẹ́, adìyẹ á sì tún wà níbẹ̀. Ta ló tiẹ̀ máa dúró níwájú ìtẹ́, kó sọ fún Onígbín pé inú wọn kùn?

Láàárọ̀ òní, àwọn ìjòyè pé sáàfin. Olóyè Àjàdí ro ẹjọ́. Ó rò ó dáadáa. Ó ní òórùn kan wà, ó ní okùn kan wà, ó ní èkíní kọjá èkejì. Kábíyèsí yíjú sí Mọrẹ́nikẹ́. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ó ní, "Kábíyèsí o. Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo jẹ̀bi. Òórùn mi kọjá okùn."

Olóyè Àjàdí ní, "Ẹ ti gbọ́ ọ."

"Ṣùgbọ́n Kábíyèsí, ẹnìkan ò tíì wọ inú mọ́tò mi lọ wo ibi tí òórùn náà ti ń jáde. Lámídì, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Olóyè wa, ìdí táyà ni wọ́n dúró sí. Ẹjọ́ òórùn ò ṣeé fi etí dá. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tó ni ìlú wá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn, kí wọ́n tó sọ mọ́tò ọkọ mi di ilé adìyẹ."

Olóyè Àjàdí ní, "Kò burú. Ìgbìmọ̀ á tẹ̀ lé Kábíyèsí wọlé."

"Olóyè mi, àyè ò lè gbà yín. Ẹ̀yìn ibẹ̀, àpótí ìjókòó kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Tí mo bá ti fa aṣọ pààlà, tí mo bá ti ilẹ̀kùn, ojú ẹnikẹ́ni ò dé ibẹ̀. Kì í ṣe gbangba rárá, Kábíyèsí. Yàrá ni."

Àwọn ìjòyè ń wo ilẹ̀. Olóyè Àjàdí gbé gíláàsì kan sójú fún ìgbà àkọ́kọ́, bóyá á rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Kábíyèsí bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Àyẹ̀wò náà, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Ọwọ́ Kábíyèsí ló wà. Ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan kó yé e. Ẹlòmíràn lè fẹ́ tún un yẹ̀ wò. Ṣàkì wà níbẹ̀ tó gba àròjinlẹ̀."

Kábíyèsí ju ìrùkẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ta ló yọ táyà mọ́tò yẹn?"

Gbogbo ààfin yíjú sí Olóyè Àjàdí.

"Ẹ lọ dá a padà kí oòrùn tó kan àtàrí. Mi ò lè wọ ọkọ̀ tó kúnlẹ̀."

Ohun tó pa òfin àná nìyẹn. A ti pe orúkọ rẹ̀. A ti sin ín. Ẹ má sunkún.

Ẹ gbọ́ òfin tuntun o! Ẹ gbọ́ òfin tuntun!

Èkíní. Okùn pupa, ẹni tó bá fẹ́ kó wá tú u, kó fi sá aṣọ. Òórùn ata ti di ọmọ ìlú. Ibi tó bá wù ú ni kó lọ.

Èkejì. Ní ojoojúmọ́ àjọ̀dún, tí oòrùn bá kan àtàrí, Kábíyèsí yóò yẹ mọ́tò oúnjẹ Mọrẹ́nikẹ́ wò. Àyẹ̀wò ni. Akéde tún un sọ. Àyẹ̀wò ni. Ẹni tó bá pè é ní oúnjẹ ọ̀sán, ewúrẹ́ mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta. Tí àyẹ̀wò bá ń lọ lọ́wọ́, olórin tí ohùn rẹ̀ le jù ni kó wà lórí ìtàgé. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣì gbọ́ ìró síbí láti inú mọ́tò, ìró ìwádìí ni.

Ẹ̀kẹrin. Ẹni tó bá gun igi ọ̀pọ̀tọ́ lásìkò náà láti yọjú, orí igi ni wọ́n á fi í sí títí àjọ̀dún á fi tú. Wọn á yọ àkàbà.

Ẹ̀karùn-ún. Lámídì ò pàdánù oyè rẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò ni yóò máa ṣọ́. Ẹ̀yìn ni yóò kọ sí i. Yóò fi owú dí imú. Ohun tó bá fẹ́ jẹ́rìí, kó jẹ́ ẹ nílé ìyá rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà. Olóyè Àjàdí ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ dá táyà padà. Akéde ti ibẹ̀ bọ̀. Ó ti dá a padà. Ó kọ́kọ́ dá a padà lódì, nítorí kò fi gíláàsì wò ó. Nígbà tó parí, ó nu ọwọ́, ó ní alága ìgbìmọ̀ náà yẹ kó yẹ mọ́tò wò. Kábíyèsí ní kò burú, kó kọ̀wé ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú. Àjọ̀dún á parí lọ́la.

Èkeje. Abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ti Mọrẹ́nikẹ́ ni, níwọ̀n ìgbà tí Onígbín bá wà lórí oyè. Mọ́tò mìíràn ò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Sípánà ò gbọdọ̀ kọjá níbẹ̀. Wọ́n bi obìnrin náà léèrè ohun tó fẹ́ láàfin, ìyẹn nìkan ló sọ.

Ó ku díẹ̀ kí Akéde lọ. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní aago méjìlá géérégé, Kábíyèsí gun mọ́tò náà, Olorì bá wọn gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ dání. Mọrẹ́nikẹ́ gbé abọ́ ìrẹsì sílẹ̀ lórí àpótí, ó bu ata lé e, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ó fa aṣọ pààlà. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí àyà. Orin ń lọ ní pápá, kò gbọ́ orin. Kò gbọ́ nǹkan kan láti ẹ̀yìn aṣọ náà. Ó ń rò ó pé bóyá ata ti pọ̀ jù. Bóyá òkúta kan sá mọ́ òun lọ́wọ́ nínú ìrẹsì. Ìlú méje, kò sí ibi tí ọkàn rẹ̀ ti lù báyìí rí. Táyà mẹ́rin ló ń gbé e dúró, gbogbo wọn sì wà lẹ́nu ẹni kan tí kò sọ̀rọ̀.

Ó ṣe díẹ̀, aṣọ pààlà mì. Ọwọ́ kan jáde láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ́rùn ọwọ́. Ó na abọ́ náà síta. Abọ́ náà mọ́ bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́.

Ọwọ́ náà ò wọlé padà. Ó dúró síbẹ̀.

Mọrẹ́nikẹ́ gba abọ́. Ó ṣí ìkòkò, ó bu òmíràn.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán Akéde ló jẹ́ yìí. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó wà lóko. Ẹni tó wà lóko, kó sọ fún ẹni tó wà lódò. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́, ẹ gba ewúrẹ́ rẹ̀. Agogo mi ti dákẹ́. Ó di ẹnu ẹlòmíràn.